Mo Ń Gbé Àdúgbò Àwọn Gay ní Houston: Báwo Ni Montrose Ṣe Di Ilé Gbogbo Èèyàn?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn lónìí, màámi ló kọ́kọ́ bi mí. Nígbà tí mo kó lọ sí Montrose, ní ìlú Houston, wọ́n pè mí lórí WhatsApp láti Ìbàdàn.

"Wọ́n ní àdúgbò àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin lo kó lọ. Ṣé kò sí ilé mọ́ ní Alief, lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa ni?"

Mo ní, "Ilé wà níbẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n ní Montrose, ẹnikẹ́ni kò bi mí pé kí ni mo wá ṣe."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Montrose kò jìnnà sí àárín ìlú. Ní 1911 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn olówó. Nígbà tó yá, àwọn olówó kó lọ sí àwọn àdúgbò tuntun lẹ́yìn ìlú, wọ́n sì pín ọ̀pọ̀ ilé ńláńlá wọn sí yàrá-yàrá fún ayálégbé. Owó ilé wálẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ dé, olórin dé, ayàwòrán dé. Àwọn gay náà dé, torí wọ́n rí ibi tí agbára wọn ká, tí kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́ wọn.

Ẹ má gbàgbé pé ìwà ọ̀daràn ni ìbálòpọ̀ akọ sí akọ nígbà náà lábẹ́ òfin Texas. Ní 1998, ọlọ́pàá mú ọkùnrin méjì nínú ilé kan ní agbègbè Houston. Ẹjọ́ wọn dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fagi lé òfin náà ní 2003. Ọmọ Yorùbá tó bá jẹ́ gay mọ ohun tí mò ń sọ: òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní Nàìjíríà ní oṣù kìn-ín-ní 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, àwọn ará Montrose ló fọwọ́ ara wọn ṣe ohun tí ìjọba kò ṣe fún wọn. Ní 1977, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn wọ́de nígbà tí Anita Bryant, olórin tó ń ta kò wọ́n, wá sí Houston. Ní 1978, wọ́n dá ibùdó ìgbaninímọ̀ràn sílẹ̀. Ó ṣì wà títí dòní, Montrose Center ni wọ́n ń pè é. Ní 1979, ìwọ́de Pride bẹ̀rẹ̀ lójú pópó Westheimer. Nígbà tó fi máa di ìparí 2009, Annise Parker, obìnrin tó fẹ́ obìnrin, ti wọlé ìbò olórí ìlú Houston.

Ìwé ni mo ti ka gbogbo ìyẹn. Ẹnu bàbá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé mi ni mo ti gbọ́ ìyókù.

Ní oṣù keje 2024, ìjì Beryl gba iná lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ NEPA, ẹ má rẹ́rìn-ín! Bàbá náà ní jẹnẹrétọ̀ kékeré kan. Wọn kò dúró kí n bẹ̀ wọ́n. Wọ́n na wáyà gba ojú fèrèsé mi wọlé. Níbi tí mo ti ń ṣáàjì fóònù, wọ́n bi mí níbo ni mo ti ń mu kọfí láràárọ̀. Mo sọ ọ́.

Wọ́n ní, "Àwọn ọ̀rẹ́ mi wà lẹ́yìn ilé yẹn."

Mary's ni wọ́n ń pe ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ilé ọtí àwọn gay tó lókìkí gan-an kó tó kógbá wọlé ní 2009. Nígbà tí àrùn éèdì ń pa wọ́n ní nǹkan bí 1980 sí 1995, ẹ̀yìnkùlé ibẹ̀ ni wọ́n da eérú òkú àwọn kan lára wọn sí. Ojú ńlá ni àlejò ní, kò fi ń ríran. Èmi àlejò ń mu kọfí nítòsí ibojì, mi ò mọ̀.

Ibi tó wá dùn mí nìyí. Nítorí pé àdúgbò náà gbayì, owó ilé lọ sókè. Wọ́n ń wó àwọn ilé àtijọ́, wọ́n ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta-mẹ́ta. Láti 2015, àárín ìlú ni ìwọ́de Pride ti ń wáyé. Lọ́dún tó kọjá, onílé bàbá náà ta ilé, wọ́n sì kó lọ síbi tó jìnnà. Irú èmi tó lè san owó tuntun ló ń rọ́pò wọn. Mi ò lé ẹnikẹ́ni jáde o, ṣùgbọ́n owó mi wà lára ohun tó lé wọn.

Kí ni ká ṣe? Mò ń náwó níbi tó ṣì jẹ́ tiwọn, mò ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn àgbàlagbà wọn, mo sì ń pe bàbá náà lọ́jọ́ Sunday.

Nígbà tí mo ròyìn fún màámi, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Bá mi kí bàbá yẹn. Tí ìjì bá tún jà, ta ni yóò wá na wáyà sí ọ?"

Mi ò tíì rí èsì fún wọn. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló tún àdúgbò yín ṣe kẹ́ ẹ tó débẹ̀? Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí mi. Ó dàbọ̀ ná.