Ta Ló Sọ Ọ́ Nù?

Ọmọ àbúrò mi kan tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù ló bi mí ní ìbéèrè yìí. Inú British Museum la wà, níwájú orí idẹ kan tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un tán pé inú ilẹ̀ ni wọ́n ti hú u lọ́dún 1938. Ó wojú mi, ó ní, "Bàbá Ìbàdàn, ta ló sọ ọ́ nù?"

Ìbéèrè ọmọdé ni, àmọ́ ó gbé mi dúró. Lójú tirẹ̀, ohun tó bá wà nínú ilẹ̀, ẹnìkan ló já a bọ́ tàbí tó gbàgbé rẹ̀. Nílé tiwa, ọ̀rọ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀. Nítorí ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ lókè òkun ni mo ṣe ń kọ ìdáhùn tí mi ò rí sọ tán lọ́jọ́ náà.

Oṣù kìíní ọdún 1938 ni àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, tí irin ọwọ́ wọn fi kan idẹ. Orí ni wọ́n hú jáde, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ, orí mẹ́tàdínlógún ni, pẹ̀lú ère ọba kan tó mọ níbàdí. Àwọn onímọ̀ gbà pé láàárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ṣe wọ́n. Oníṣọ̀nà á kọ́kọ́ mọ amọ̀ bí orí, á fi ìda oyin bò ó, ara ìda yẹn ni yóò ti ya ojú, imú àti ilà. Á wá fi amọ̀ bo ìda náà, á yọ́ ọn dànù lórí iná, á sì da idẹ gbígbóná sí àyè tó fi sílẹ̀. Bó bá tutù, á fọ́ amọ̀ ìta. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni amọ̀ yẹn wúlò, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi ní rí méjì tó bára mu délẹ̀délẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Láyé àwọn bàbá wa, inú ìkòkò ni owó ẹyọ ń wọ̀, ìkòkò á sì wọlẹ̀ yàrá. Bàbá tó bá dàgbà kú, inú ilé rẹ̀ ni wọ́n ń sin ín sí, tí àwọn ọmọ rẹ̀ á máa sùn, tí wọ́n á máa jẹun lórí rẹ̀. Kì í ṣe pé oko kò sí. Wọ́n fẹ́ kó wà nílé ni. Bí ìyàwó bá bímọ, wọ́n á rọra ri ibi ọmọ náà mọ́lẹ̀ nínú ọgbà ilé, ibẹ̀ á sì di ilé ọmọ náà títí ayé. Èdè wa pàápàá ń sọ ọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ tó bá ṣe àdéhùn tó lágbára, a ní wọ́n mulẹ̀. Ẹni tó bá wá yẹ̀ ẹ́, ọ̀dàlẹ̀ ni: ilẹ̀ tó ṣe ẹlẹ́rìí wọn ló dà. Ọ̀dọ̀ ẹni tí a gbọ́kàn lé la ń fi ẹrù pamọ́ sí, a kò sì gbọ́kàn lé ohunkóhun tó ilẹ̀.

Ní Ifẹ̀, àwọn ère kan wà tó jẹ́ pé inú ilẹ̀ igbó òrìṣà ni wọ́n ń gbé. Bí ọdún òrìṣà bá pé, àwọn tó ń tọ́jú wọn á hú wọn, wọ́n á ṣe orò, wọ́n á sì tún dá wọn padà sínú ilẹ̀ di àmọ́dún. Bẹ́ẹ̀ ni orí idẹ tí wọ́n ń pè ní orí Olókun ṣe wà kí Leo Frobenius, ará Jámánì, tó dé ní 1910. Ó fẹ́ gbé e lọ, àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ló ní kó dá a padà. Ó dùn mí gan-an pé lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ tó tẹ̀dó sí etíkun wa ni orísun irú ọnà yìí. Àwọn tó bá nídìí ère náà mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí wọ́n ń hú u.

Orí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35. Ó dé adé, ọ̀dà pupa àti dúdú ṣì kù díẹ̀ lára adé náà. Ilà tín-ínrín bẹ̀rẹ̀ láti etí adé, ó gba iwájú orí wálẹ̀ dé àgbọ̀n. Ètè nìkan ni kò fọwọ́ kàn. Lára àwọn orí mìíràn, ihò wẹẹrẹ-wẹẹrẹ yí ẹnu àti àgbọ̀n ká. Àwọn onímọ̀ kan ní irùngbọ̀n ni wọ́n ń so mọ́ ọn, àwọn kan ní ìlẹ̀kẹ̀ tó ń bo ojú ni. Ti ìlẹ̀kẹ̀ ni mo gbà, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni adé ọba wa ṣe rí dòní. Ẹni tó bá gorí ìtẹ́ kì í ṣe ọmọ Lágbájá mọ́. Ipò gbogbo àwọn tó ti jẹ ṣáájú ló dúró sí, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń bo ojú tirẹ̀. Ìdí yìí kan náà ni ọba kì í fi í jẹun níta gbangba, tí a kì í sì í sọ pé ọba kú. Ọba wàjà ni.

Ihò ìṣó tún wà nísàlẹ̀ ọrùn púpọ̀ nínú wọn. Frank Willett, tó walẹ̀ ní Ifẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní ara igi ni wọ́n ń kàn wọ́n mọ́ fún ìsìnkú kejì ọba. Ó ní ohun tó wò kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Ní Ọ̀wọ̀, wọ́n máa ń ṣe àkó fún àgbà tó ti lọ: ère igi tó jọ ọ́, tí wọ́n wọ̀ láṣọ rẹ̀, tí wọ́n gbé káàkiri ìlú kí wọ́n tó sin ère náà.

Mẹ́ta nínú àwọn orí Wúnmọníjẹ̀ kúrò nílùú kí ìjọba tó fòfin de kíkó wọn jáde. Méjì bá William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, lọ. Ó dá wọn padà ní 1950. Ẹ̀kẹta dé British Museum ní 1939, ibẹ̀ ló sì wà di bí mo ṣe ń sọ yìí. Ìbòjú bàbà tí wọ́n ń pè ní ti Ọọ̀ni Ọbalùfọ̀n kò wọlẹ̀ rí ní tirẹ̀, ààfin Ifẹ̀ ló ń gbé tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ló ṣàwárí rẹ̀.

Ohun tí mo rí sọ fún ọmọ náà kò ju pé, "Wọn ò sọ ọ́ nù, wọ́n fi í pamọ́ ni." Nígbà tí a padà lọ sí British Museum, ó mú ìwé àti pẹ́ńsù dání, ó jókòó sílẹ̀ níwájú gíláàsì náà, ó ń yà á. Ó fa ilà láti etí adé dé àgbọ̀n, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó fi ètè sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.