Àwọn Tí Ń Kun Ìpáàrà Sára Ọkọ̀ Ojú Irin Kékeré

Bí a bá wí fún ará ọjà kan pé àgbàlagbà ọkùnrin wà ní ìlú òyìnbó, tí ó ní aya àti ọmọ, tí ó sì ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí ó ń fi ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ kan ọkọ̀ ojú irin tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé, onítọ̀hún yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì rántí àwọn ọmọdé wa tí ń fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò. Bí a bá sì tún fi kún un pé nígbà tí ọkọ̀ náà parí, tí ó ń dán bí idẹ tuntun, ọkùnrin náà jókòó tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kun ẹ̀gbin, èéfín àti ìpáàrà sí i lára, ẹ̀rín náà yóò di ìyanu. Ọ̀ràn yìí ni àwa fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí, nítorí ọgbọ́n wà nínú rẹ̀ tí ó kan àwa náà.

Ìwọ̀n ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jùlọ ni a ń pè ní HO, nínú èyí tí ẹsẹ̀ bàtà kan lára ọkọ̀ gidi di mìlímítà mẹ́ta àti ààbọ̀, èyí ni pé ohun gbogbo di ìdá kan nínú 87. Ẹ́ńjìnnì tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 60 yóò di mìlímítà 210; ọkùnrin tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà yóò sì di mìlímítà 21 péré. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn yan OO, mìlímítà mẹ́rin sí ẹsẹ̀ bàtà kan, nítorí pé ọkọ̀ ojú irin wọn kéré sí ti Amẹ́ríkà, mọ́tò iná mànàmáná ti ìgbà náà kò sì ráàyè nínú ikùn ẹ́ńjìnnì wọn bí a bá ṣe é ní HO. Ṣùgbọ́n ojú irin HO kan náà, tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 16.5, ni wọ́n gbé e lé, nígbà tí ó yẹ kí ó jẹ́ 18.83. Nítorí mìlímítà méjì ó lé díẹ̀ yìí, àwọn kan wà tí ọkàn wọn kò balẹ̀: wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn to ojú irin mìíràn, wọ́n sì ń pààrọ̀ gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí ìṣó ni wọ́n ń kà.

Àwọn kan ń ra ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ ti ṣe parí, gẹ́gẹ́ bí ti Hornby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ti wà lọ́jà láti ọdún 1920, tàbí ti Märklin ní Jámánì. Àwọn mìíràn ń ra kìkì idẹ pẹlẹbẹ. Wọn a gé e, wọn a tẹ̀ ẹ́, wọn a sì fi òjé jó o pọ̀. Kí a tó kun ún, a ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, nítorí ọ̀rá ọwọ́ kì í jẹ́ kí ọ̀dà lẹ̀. Ọ̀dà aláwọ̀ eérú ni ìpìlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ rẹ̀ gan-an yóò tẹ̀lé e, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, nítorí ọ̀dà tí ó bá nípọn yóò bo orí ìṣó mọ́lẹ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà, tí a tẹ̀ sórí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ni a ń rẹ sínú omi kí a tó lẹ̀ wọ́n. Orí ọ̀dà tí ń dán ni wọ́n sì ti ń lẹ̀ dáradára, nítorí bí ojú rẹ̀ kò bá jọ̀lọ̀, afẹ́fẹ́ a há sábẹ́ wọn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú, àwọn àgbà wí, kì í bàjẹ́.

Níbi tí ẹlòmíràn yóò ti wí pé iṣẹ́ parí, níbẹ̀ ni ti àwọn tí à ń sọ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Wọn a kọ́kọ́ fọ́n fáníìṣì tí kì í dán sí ọkọ̀ náà lára. Wọn a fi omi atú-ọ̀dà púpọ̀ la ọ̀dà títí yóò fi ṣàn bí omi, wọn a fi pa ọkọ̀ lára, yóò sì sá wọ gbogbo kọ̀rọ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbin ti í ṣe. Àwọn mìíràn ń lo tàdáwà dúdú tí a bù sínú sípírítì. Wọn a lọ ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ kúná, wọn a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ pa á sórí òrùlé. Èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù ni ti iyọ̀. A kun àwọ̀ ìpáàrà sísàlẹ̀, a fi omi rin ín díẹ̀, a wọ́n iyọ̀ sí i, a sì fọ́n ọ̀dà òkè lé e; nígbà tí ó bá gbẹ, a gbá iyọ̀ náà kúrò, ọ̀dà orí rẹ̀ a bá a lọ, ìpáàrà a sì yọjú gẹ́gẹ́ bí ó ti ń yọ lára páànù ilé àtijọ́.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀: àbàwọ́n tí kò ní ìdí kò gbọdọ̀ sí. Òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀tá, ẹni eji bá rí ni eji ń pa; síbẹ̀ òkè ni omi ti ń ṣàn wá sílẹ̀, nítorí náà bẹ́ẹ̀ ni ìlà ìpáàrà gbọ́dọ̀ ṣàn. Dúdú èéfín a máa pọ̀ lórí òrùlé àti lẹ́yìn ihò èéfín. Ẹbu irin tí ń jáde lára bíréèkì a máa wà nísàlẹ̀, lẹ́bàá ẹsẹ̀. Ìlà funfun bí ẹfun a máa sọ̀kalẹ̀ lára ìkòkò omi ẹ́ńjìnnì, níbi tí omi ti jò tí ó sì gbẹ. Ibi tí a ń fi òróró pa a máa dán, àní nígbà tí gbogbo ara yòókù bá ti ṣú. Ìpáàrà pàápàá kì í ṣe oríṣi kan: èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ a pọ́n bí epo, èyí tí ó ti pẹ́ a sì dúdú bí obì gbígbẹ. Ẹni tí kò bá mọ bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ kò lè mọ ibi tí yóò fi ẹ̀gbin sí.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Láti ọdún 1934 dé 1951, a ṣe ẹ́ńjìnnì 842 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tí àwọn ènìyàn sọ ní Black Five. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní 1938 yóò jẹ́ kí ó mọ́ níwọ̀nba, nítorí nígbà náà ọmọ iṣẹ́ wà tí ń fi àkísà nù ún. Ẹni tí ó bá yan 1967 kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀: ọmọ iṣẹ́ ti wọ́n, ọkọ̀ tí ń jó èédú sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìkọ̀sílẹ̀, lára ọ̀pọ̀ wọn, ibi nọ́ńbà nìkan ni a ń nù kí a lè kà á. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1968 ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ìrìn ìdágbére lórí ojú irin ńlá ti ìjọba níbẹ̀. Nítorí náà, láti ara ẹ̀gbin ni ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wò yóò ti mọ ọdún tí a ń sọ.

Síbẹ̀ àríyànjiyàn wà láàárín wọn. Àwọn tí ń kó ọkọ̀ jọ bí ẹni ń kó ìlẹ̀kẹ̀ jọ wí pé èyí tí a bá ti kun ẹ̀gbin sí kì í níye lórí mọ́. Ọ̀pọ̀ òǹrajà ń fẹ́ èyí tí ó ṣì wà nínú páálí rẹ̀, tí ọwọ́ kò kàn. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kejì dáhùn pé ọkọ̀ tí ń dán láti orí dé ẹsẹ̀, ti orí àtẹ ni. Èyí tí ó ti ru ẹrù fún ogún ọdún ni àwọn fẹ́ rántí. Lójú tiwa, ẹjọ́ àwọn kejì yìí ni ó tọ́. Ẹni tí ó bá ya àwòrán àgbẹ̀, tí ó sì fún un ní ọwọ́ akọ̀wé, irọ́ ni ó pa.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó la ọ̀nà yìí ni John Allen ti ìlú Monterey ní California, ní Amẹ́ríkà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fọ́tò yíyà. Nínú ilé rẹ̀ ni ó kọ́ òkè, àfonífojì, afárá àti ìlú kéékèèké sí, ó sì pe ojú irin náà ní Gorre & Daphetid. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fẹ́ kí ọkọ̀ tiwọn máa dán, òun ń kun èéfín àti ìpáàrà. Ó kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà iná jó ilé náà, iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún sì di eérú. Fọ́tò tí òun fúnra rẹ̀ yà ni ó jẹ́ kí àwọn tí a bí lẹ́yìn ikú rẹ̀ mọ ohun tí ó ṣe.

Níhìn-ín ni ọ̀ràn náà ti kàn wá. Ní ọdún 1896 ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní 1901 a ṣí i dé Ìbàdàn. Ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ínǹṣì mẹ́fà, bákan náà pẹ̀lú ti New Zealand. Àwọn ará ibẹ̀ ti rí ọgbọ́n sí i: wọ́n ń ṣe ọkọ̀ tiwọn ní ìdá kan nínú 64, nítorí ní ìwọ̀n náà ojú irin wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mìlímítà 16.5 mu, wọ́n sì lè lo ojú irin HO tí ó wà lọ́jà. Ọmọ Yorùbá tí ó bá fẹ́ ṣe ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn lè gba ọ̀nà kan náà.

Ìwọ̀n, nígbà náà, kò ní ṣòro fún un. Àwọ̀ ni yóò ṣòro. Eruku ilẹ̀ wa pupa, ẹni tí ó bá sì kun eruku London sára ọkọ̀ tí ń kọjá ní Abẹ́òkúta kò ṣe òtítọ́. Fọ́tò dúdú àti funfun ti àtijọ́ kò lè sọ fún un bí èéfín èédú Enugu ti ń bà lára òrùlé, tàbí ibi tí omi ti ń jò. Àwọn tí wọ́n wa ọkọ̀ wọ̀nyí, tí wọ́n da èédú sínú iná, tí wọ́n sì fi àkísà nù wọ́n, ti di arúgbó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín kan bá ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, ní Ẹbúté-Mẹ́tta, ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo, ẹ jókòó tì í nígbà tí ó ṣì wà. Ẹ bi í ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀, àwọ̀ tí a kùn ún, ibi tí ọ̀dà ti kọ́kọ́ ń ṣí, àti ẹni tí ń nù ún. Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọdún rẹ̀. Ojú irin tuntun tí ó fẹ̀ ju ti àtijọ́ ni a ṣí láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021. Ẹ ya fọ́tò ọkọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú, àti nígbà tí ó bá mọ́, àti nígbà tí eruku bá bò ó. A ó dánu dúró níhìn-ín.