Ẹ̀rọ tó ń bá onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wá ìwé: ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún Ìlọrin

Bí àlejò bá wọ ọjà Ìpàta n'Ílọrin, tí kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ohun tó fẹ́ rà, kò ní máa yọjú sí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti pẹ́ lọ́jà ni yóò bi léèrè. Bí àwọn àgbà ọjà bá wá ti kúrò níbẹ̀ ńkọ́?

Irú ìṣòro yìí ló ń bá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fínra ní CERN, ibùdó ìwádìí ńlá tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1954 nítòsí ìlú Geneva, lórílẹ̀-èdè Switzerland. Ẹ̀rọ kan wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ tí àyíká rẹ̀ gùn tó kìlómítà 27. ATLAS, ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ìwádìí tó ń lò ó, ní onímọ̀ tó tó 3,000. Bí àwọn kan ṣe ń dé ni àwọn mìíràn ń lọ. Ìwé tí wọ́n kọ sílẹ̀ pọ̀ débi pé ẹni tó nílò ọ̀kan lè má mọ ibi tó wà.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1989, Tim Berners-Lee, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kọ àbá kan nítorí pé ìmọ̀ ń sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́. Àbá náà ló di wẹ́ẹ̀bù tí gbogbo ayé ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní báyìí, ọgbọ́n àtọwọ́dá, ìyẹn AI, ni wọ́n tún fi ń wá ìwé. Àwọn ará ATLAS ṣe tiwọn, wọ́n pè é ní chATLAS. Èèyàn á béèrè ọ̀rọ̀ bí ìgbà tó ń bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà á wá ojú ìwé tó bá ìbéèrè náà mu, á sì fi ohun tó rí níbẹ̀ dáhùn. Ó yẹ kó tún tọ́ka sí ìwé náà, torí AI lè fi ìgboyà sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè mú ìwé àtijọ́ tí wọ́n ti ṣàtúnṣe sí. Ẹni tó bá gbọ́n á ṣí ìwé wò fúnra rẹ̀.

Ìlọrin náà ní ìwé tirẹ̀. Àwọn ààfáà àtijọ́ fọwọ́ kọ ìwé lédè Lárúbáwá, wọ́n sì fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá pẹ̀lú. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Malete ní ibùdó kan tó ń ṣàkójọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ní ìwé bàbá ńlá yín nínú àpótí, ẹ má ṣe dà á nù. Bó ti wù kí ẹ̀rọ gbọ́n tó, kò lè rí ìwé tí ikán ti jẹ tán.