Àwọn Ọmọ-ẹ̀yìn Ẹgbẹ́ Òṣèlú: Iṣẹ́ Wọn Ṣáájú Ìbò àti Lẹ́yìn Ìbò

Bí ènìyàn bá ṣí ìwé ìtàn ìṣèlú ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ àwọn aṣáájú ni yóò máa bá pàdé: Herbert Macaulay, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Adégòkè Adélabú, Ládòkè Akíntọ́lá. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n dúró níwájú nígbà tí òkò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ gbogbo agbo ilé tí ó wà ní Ìbàdàn nìkan, áḿbọ̀sì gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn tí ó ń wọ agbo ilé wọ̀nyí ni télọ̀ tí ó ti bo ẹ̀rọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, olùkọ́ tí ó ti tú àwọn ọmọ sílẹ̀, ìyá aláta tí ó mọ orúkọ gbogbo ìyàwó àdúgbò, àti àgbẹ̀ tí ó ní kẹ̀kẹ́. Púpọ̀ nínú wọn kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ìwé ìtàn kì í sábà sọ ni ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń ṣe gan-an, àti ohun tí ojú wọn ń rí nígbà tí a bá ti ka ìbò tán.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí ní Èkó, púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Òfin ìjọba tí ó jáde ní 1922, nígbà tí Clifford jẹ́ Gómìnà, fún Èkó ní àyè mẹ́ta nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, ó sì fún Kàlàbá ní ẹyọ kan. Ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un kò bá dín ní £100 lọ́dún, tí ó sì ti gbé ìlú fún oṣù méjìlá, ni òfin náà gbà láyè pé kí ó dìbò. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní Èkó ìgbà náà. Síbẹ̀, nígbà tí Macaulay dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀ ní 1923, àwọn obìnrin ọjà, tí Alímótù Pẹlẹ́wùrà ti ọjà Ẹ̀rẹ́kọ̀ jẹ́ aṣáájú wọn, ni ó wà lára òpó tí ó gbé ilé náà dúró. Wọ́n dá owó, wọ́n kún ìpàdé, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ di ọ̀rọ̀ ìdí ọjà. Ẹgbẹ́ náà wọlé ní 1923, ó wọlé ní 1928 àti 1933, àfìgbà tí Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Nàìjíríà yọ ọ́ nípò ní 1938. Macaulay kú ní 1946. Ìbò Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó ti 1950 ni ó kọ́kọ́ fún gbogbo àgbàlagbà ní ẹ̀tọ́, l'ọ́kùnrin l'óbìnrin. Pẹlẹ́wùrà kú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ìbò Ìwọ̀-Oòrùn ní 1951 kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbò alákàsọ̀ ni: ará abúlé yan aṣojú, àwọn aṣojú wọ̀nyí lọ yan àwọn mìíràn, títí ó fi dé orí àwọn tí yóò jókòó ní Ilé Aṣòfin ní Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wọlé ni kò fi ẹgbẹ́ tí wọ́n ń ṣe hàn gbangba, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹ́ méjèèjì fi ń ka ẹnì kan náà mọ́ tiwọn. Nígbà tí Ilé pàdé ní January 1952 tí àwọn kan sì bọ́ sí ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, inú ìwé ìròyìn ni ọmọ-ẹ̀yìn tí ó ti fi ẹsẹ̀ rin láti abúlé dé abúlé ti mọ ibi tí ẹni tí òun gbé dìde fìdí sí. Àríyànjiyàn lórí iye àwọn tí ó ré kọjá ní tòótọ́ kò tíì parí títí di òní.

Ní Ìbàdàn, ẹ̀dùn ọkàn àwọn àgbẹ̀ ni ó kọ́ ẹgbẹ́. Àrùn kan wọ inú kòkó, tí ń mú ẹ̀ka rẹ̀ wú, ìjọba sì rán ènìyàn láti máa gé igi náà lulẹ̀ kí àrùn má baà ràn. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ogún ọdún tọ́jú oko kò lè dúró kí ó máa wo àáké. Láti inú ìbínú yìí ni Ẹgbẹ́ Máyégún ti jáde, nígbà tí Adélabú sì so ọwọ́ pọ̀ mọ́ wọn ní 1954 ni Mábọ̀lájẹ́ dìde. Àwọn tí ń polongo fún Mábọ̀lájẹ́ kò nílò ọ̀rọ̀ gígùn. Ẹni tí a gé kòkó rẹ̀, tàbí tí owó-orí ń ni lára, ti mọ ohun tí wọ́n wá sọ kí wọ́n tó jókòó. Ìdí nìyí tí ikú Adélabú ní ojú ọ̀nà, ní 25 March 1958, fi dá rúkèrúdò sílẹ̀ tí ẹ̀mí ṣòfò nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn náà kò gbà pé aṣáájú ẹgbẹ́ kan ni ó kú. Ẹni tí ń bá wọn ké ni wọ́n pàdánù.

Ìbò àpapọ̀ tí ó wáyé ní 12 December 1959 ni iṣẹ́ ọmọ-ẹ̀yìn ti hàn jùlọ. Ní Ìwọ̀-Oòrùn, gbogbo ẹni tí ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, l'ọ́kùnrin l'óbìnrin, ni ó lè dìbò, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kò mọ̀wé. Ìròyìn kún fún bàálù hẹlikópítà tí Awólọ́wọ̀ ń gbé kiri nígbà náà, ọmọdé sì ń sáré jáde wò ó. Ṣùgbọ́n hẹlikópítà kò lè kọ́ ìyá arúgbó bí a ti ń dìbò.

Báyìí ni ètò náà rí. A ó fún olùdìbò ní ìwé kan ṣoṣo. Yóò wọ ẹ̀yìn aṣọ tí a ta, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó o, yóò sì bá àpótí bíi mélòó kan níbẹ̀, àpótí kan fún ẹgbẹ́ kan. Àmì ẹgbẹ́ ni a lẹ̀ mọ́ àpótí: igi ọ̀pẹ fún Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, àkùkọ fún Ẹgbẹ́ Alákùkọ, èyí tíí ṣe NCNC. Inú èyí tí ó bá wù ú ni yóò ju ìwé náà sí. Ó rọrùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fi ìwé sọ àpótí rí lè gbé e lé orí àpótí, ó sì lè fi í sílẹ̀ lórí tábìlì, ìbò rẹ̀ á sì ṣòfò. Nítorí náà ni àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ṣe ń gbé páálí ọṣẹ kiri, tí wọ́n dá ihò sí lórí, tí wọ́n ya àmì sí lára, tí wọ́n sì ń ṣe ìdánwò ní àgbàlá. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni ó ń wáyé:

“Ẹ kú ìjókòó o, Ìyá. Bí ẹ bá dé ẹ̀yìn aṣọ, kí ni ẹ óò kọ́kọ́ wá?”

“Igi ọ̀pẹ.”

“Bí ẹ bá rí i ńkọ́?”

“Màá ju ìwé sí inú rẹ̀.”

“Ẹ kò níí gbé e lé orí rẹ̀?”

“Ọmọ mi, ṣé ẹbọ ni?”

Àìlera ńlá kan wà nínú ètò yìí tí ẹ̀kọ́ kò lè wò sàn. Nígbà tí ojú kankan kò wo olùdìbò, ẹni tí ó bá fẹ́ ta ìbò rẹ̀ lè fi ìwé náà sí àpò jáde, kí ó sì fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Láti dènà irú èyí, àti láti mọ ẹni tí ó fẹ́ fi orúkọ òkú dìbò, ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń fi aṣojú jókòó ní ibùdó ìdìbò. Ẹni tí ó yẹ fún iṣẹ́ náà ni ẹni tí ó mọ ojú gbogbo ará àdúgbò. Ìmọ̀ yìí, tí kò sí nínú ìwé kankan, ni ọrọ̀ ọmọ-ẹ̀yìn: ó mọ ilé tí ó jẹ́ ti Ọlọ́pẹ àti èyí tí ó jẹ́ ti Alákùkọ, ó mọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí ẹgbẹ́ ti yà nípá.

Kò pé ọdún mẹ́fà tí ìmọ̀ náà fi di ohun tí a ń bẹ̀rù. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti fọ́ sí méjì ní 1962, ẹgbẹ́ Akíntọ́lá tí a ń pè ní Dẹ́mọ̀ ti dìde ní 1964, ìbò Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn sì dé ní 11 October 1965. Ní ibi púpọ̀, àwọn tí ó fẹ́ du ipò lábẹ́ UPGA kò rí òṣìṣẹ́ tí yóò gba ìwé wọn, a sì kéde àwọn alátakò wọn pé wọ́n ti wọlé láìsí ìdíje. Nígbà tí èsì ń jáde, ẹgbẹ́ méjèèjì ni ó sọ pé àwọn wọlé. Adégbẹnró, aṣáájú UPGA ní Ìwọ̀-Oòrùn, kéde ìjọba tirẹ̀, a sì mú un. Akíntọ́lá ni a búra fún. Aṣojú tí ó jókòó láti òwúrọ̀ dé alẹ́ ní ibùdó kò ní ohun kan lọ́wọ́ tí ó lè gbé síwájú adájọ́ tí ará ìlú yóò gbà gbọ́ pé adájọ́ náà yóò kà. Iná ni ó tẹ̀ lé e. Wẹ́tìẹ̀ ni a pè é: a da epo bẹntiróòlù sí ilé tàbí sí ènìyàn, a ṣáná sí i. Ó burú láti sọ, ṣùgbọ́n kò ṣòro láti rí pé àlejò kò lè mọ ilé tí yóò sun nínú agbo ilé tí ó ní ọgbọ̀n ojúlé. Ẹni tí ó ti gbé páálí ọṣẹ wọ ibẹ̀ rí ni ó lè tọ́ka. Ìdàrúdàpọ̀ náà kò rọlẹ̀ títí àwọn ológun fi gba ìjọba ní January 1966, tí wọ́n sì pa Akíntọ́lá.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó rí irú rẹ̀ ní August 1983. A kéde pé Akin Ọmọ́bọ́ríowó ti NPN ni ó borí Gómìnà Adékúnlé Ajáṣin ti UPN. Ilé jó, ẹ̀mí sì bọ́. Ọláìyá Fágbàmígbé, òǹtẹ̀wé tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ mọ orúkọ rẹ̀, wà nínú àwọn tí a pa ní Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan yàtọ̀ sí ti 1965. Ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́, ó sì lọ títí dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Iye ìbò tí a kà ní àwọn ibùdó àti èyí tí a kéde kò bá ara mu, Ajáṣin ni a sì dá ipò padà fún. Ìjọba ológun tí ó dé ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún náà kò jẹ́ kí ó gbádùn rẹ̀ pẹ́.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ọmọ-ẹ̀yìn ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀, láti orí ohùn sí orí ìwé. Lẹ́yìn ìbò April 2007, ó tó ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ kí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn tó dá Káyọ̀dé Fáyẹmí láre ní Èkìtì ní 15 October 2010, tí ó sì dá Raúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá láre ní Ọ̀ṣun ní 26 November ọdún kan náà. Ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀! Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ ìbò náà ti lè máa lọ jẹ́léósinmi. Òfin ti dín àkókò náà kù: ọjọ́ mọ́kànlélógún ni láti pe ẹjọ́ lẹ́yìn ìkéde, ọgọ́sàn-án (180) ọjọ́ ni fún ìdájọ́, ọgọ́ta ọjọ́ sì ni fún kòtẹ́milọ́rùn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ilé ẹjọ́ kì í gba àgbọ́sọ. Olórí ẹgbẹ́ tí ó jókòó ní olú-ìlú kò lè jẹ́rìí sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ibùdó kan ní Ọ̀tùn tàbí ní Èfọ̀n, bí ó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n tó. Ẹni tí ó wà níbẹ̀, tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i, ni adájọ́ ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bákan náà ni ìwé èsì tí a ń pè ní EC8A. Nígbà tí a bá ka ìbò tán ní ibùdó, òṣìṣẹ́ tí ó ń bójú tó o yóò kọ iye ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, yóò fọwọ́ sí i, yóò lu òǹtẹ̀. Àwọn aṣojú yóò fọwọ́ sí i pẹ̀lú, a ó sì fún wọn ní ẹ̀dà. Ẹ̀rọ BVAS tí ń yẹ ojú àti ìka olùdìbò wò ti wà nísinsìnyí, a sì ń fi àwòrán ìwé èsì ránṣẹ́ láti ibùdó. Síbẹ̀ ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ aṣojú kò tíì di ohun ìjùnù. Ìjọba àpapọ̀ ní ibùdó 176,846 nígbà ìbò 2023; Èkó nìkan ní 13,325, Èkìtì ní 2,445. Ẹgbẹ́ tí kò bá rí ènìyàn tí ó ṣe é fọkàn tán fún ibùdó kọ̀ọ̀kan ti fi ilẹ̀kùn ibẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Fífọkàn tán ni ó sì ṣòro. Ìlú tí a ti ń gbọ́ “dìbò kí o sebẹ̀” kò lè sọ pé aṣojú kò ní iye tirẹ̀. Ẹni tí a kò fún ní owó oúnjẹ, tí oòrùn ti pa láti aago mẹ́jọ àbọ̀ òwúrọ̀, ni a wá ń rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ pé kí ó fọwọ́ sí ohun tí kò rí. Ibi tí àwọn ẹgbẹ́ ti kùnà jùlọ nìyí: wọ́n ń náwó sí orin àti fìlà, wọ́n sì ń rántí aṣojú ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn. Àwọn tí ó mọṣẹ́ ń yan aṣojú láti inú àwọn ọmọ àdúgbò fúnra wọn, wọ́n ń kọ́ wọn bí a ti ń ka nọ́ńbà sí etí ìgbọ́ gbogbo ènìyàn, bí a ti ń kọ àtakò sílẹ̀ dípò kí a fa àpótí ya, àti bí a ti ń kí aṣojú ẹgbẹ́ kejì, ẹni tí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àna tàbí alájọgbé, nítorí ilé kan náà ni wọn yóò jọ padà sí ní alẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìbò, nígbà tí àwọn kan ń jó tí àwọn mìíràn sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí, olórí wọ́ọ̀dù tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ti mú ìwé àjákọ lọ́wọ́, yóò máa lọ láti ojúlé dé ojúlé láti gba àwọn ẹ̀dà náà. Yóò kọ orúkọ ẹni tí ó jókòó, ibùdó rẹ̀, ohun tí ó rí, àti bóyá yóò lè wá jẹ́rìí. Ní olú-ìlú ìpínlẹ̀, a ó kó wọn jọ, a ó kà wọ́n. Bí 2,400 bá dé nínú 2,445, a ó tún rán ènìyàn lọ wá márùndínláàádọ́ta tí ó kù kí ilẹ̀ tó ṣú.