Ọjọ́ Mẹ́ta ní Lake Placid

Bí ọ̀rọ̀ eré ìdárayá Amẹ́ríkà bá délẹ̀, òpin ọ̀sẹ̀ kan wà tí a kì í ṣàì mẹ́nu bà. Oṣù kejì ọdún 1980 ni, ní Lake Placid, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ New York, níbi tí ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ti wáyé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ni pé ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 22, àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà borí Sófíẹ́ẹ̀tì nínú eré họ́kì orí yìnyín, wọ́n sì gba wúrà. Apá kìíní ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òtítọ́. Apá kejì kò rí bẹ́ẹ̀.

Nínú eré yìí, ẹni mẹ́fà mẹ́fà, pẹ̀lú aṣọ́lé, ní í máa wọ bàtà onírin tẹ́ẹ́rẹ́ lórí yìnyín, tí wọn a sì máa fi ọ̀pá gbá rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ sínú àwọ̀n. Ìpín mẹ́ta ni eré náà, ìpín kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ogún ìṣẹ́jú. Láti 1964 títí dé 1976, Sófíẹ́ẹ̀tì nìkan ni ó ń gba wúrà rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì náà gan-an, wọ́n ti fi góòlù 10 sí 3 na àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ní ìlú New York. Láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì kò sì tòrò, nítorí ọmọ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì ti wọ Afghanistan ní ìparí ọdún 1979.

Ní ọjọ́ Ẹtì yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Sófíẹ́ẹ̀tì ṣíwájú. Jim Craig tí ń ṣọ́lé fún Amẹ́ríkà mú rọ́bà 36 nínú 39 tí wọ́n gbá sí i. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Mike Eruzione, olórí ẹgbẹ́, gbá èyí tí ó sọ ọ́ di 4 sí 3. Ìlú dún, ilé mì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n ní alẹ́ kò rí i ní ojú ẹsẹ̀: eré ti parí kí wọ́n tó gbé e jáde.

Eric Heiden, sárésáré orí yìnyín, wà lára àwọn òǹwòran. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, oorun gbé e lọ. Síbẹ̀, ó sá eré mítà 10,000 ní ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú-àáyá 28. Kò sí ẹni tí ó yára tó bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ayé. Wúrà rẹ̀ karùn-ún nìyẹn, nínú mẹ́fà péré tí Amẹ́ríkà gbà ní Lake Placid.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 24, ni ọ̀rọ̀ wúrà họ́kì tó yanjú. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni ó kù. Ẹni tí ó bá borí a gba àmì 2, ẹni tí ó bá ta ọ̀mì a gba 1. Amẹ́ríkà ní 3, nítorí pé òun àti Sweden ti ta ọ̀mì ṣáájú. Sófíẹ́ẹ̀tì ní 2. Finland ni ó kù fún Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ìpín kejì, Finland ni ó sì ń léwájú, 2 sí 1. Olùkọ́ni wọn, Herb Brooks, mọ bí ohun rere ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni: wọ́n ti yọ òun fúnra rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ tí ó gba wúrà ní 1960, nígbà tí ìdíje kù sí dẹ̀dẹ̀. Góòlù mẹ́ta wọlé ní ìpín ìkẹyìn, Amẹ́ríkà borí, 4 sí 2.

Ní ọjọ́ kan náà, Sófíẹ́ẹ̀tì fi 9 sí 2 na Sweden, àmì wọn sì di 4. Ká ní Finland borí Amẹ́ríkà ni, orí 3 ni Amẹ́ríkà ìbá dúró sí, Sófíẹ́ẹ̀tì ni ìbá sì gbé wúrà lọ, tòun ti ìṣẹ́gun ọjọ́ Ẹtì. Àwọn àgbà ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, àfi ẹni tí ó bá fi orí tì í dópin.