BÍ A TI Í YỌ GÍÁBỌ́Ọ̀SÌ ÌJÀPÁ NÍNÚ ỌGBÀ ILÉ ẸNI

 

Nínú ọgbà àwọn kan lára wa ní Òkè Ọya yìí, ọkọ̀ Volkswagen àtijọ́ tí àwa Yorùbá ń pè ní Ìjàpá ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò. Òmíràn nínú wọn ni baba fi kó ìyàwó àti ọmọ wá sí ìlú àjò. Baba ti lọ, ọkọ̀ kò lọ, àwọn ọmọ kò sì fẹ́ tà á. Bí gíà rẹ̀ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí fò jáde, tàbí tí ó ń kùn lábẹ́ ìjókòó, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ilé á ní kí àwọn fúnra àwọn sọ gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ kalẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Kò burú. Iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Ẹ̀sọ̀ náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ yìí, kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí to Ìjàpá pọ̀ nílẹ̀ wa. Ní oṣù keje ọdún 2003 ni wọ́n ṣe èyí tí ó kẹ́yìn pátápátá ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, nígbà tí iye rẹ̀ láyé ti lé ní 21,000,000. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń mú un tutù. Gíábọ́ọ̀sì wà níwájú ẹ́ńjìnì, lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ yọ gíábọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ẹ́ńjìnì.

Ṣé gíábọ́ọ̀sì ni ó ṣẹ̀?

Kí ẹ tó mú sípánà, ẹ yẹ ọkọ̀ wò dáadáa. Bí gíà bá ń ha nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ó ń wọlé wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì kú, wáyà kílọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bóyá kí a fà á díẹ̀ ni ó fẹ́. Bí ọ̀pá gíà bá ń mì jọ̀wọ̀lọ̀ tí kò mọ ibi tí gíà wà mọ́, ẹ ṣí ìdérí kékeré tí ó wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ìsopọ̀ ọ̀pá gíà wà, rọ́bà inú rẹ̀ sì máa ń gbó. Bí ẹ́ńjìnì bá ń pariwo tí ọkọ̀ kò sì gun òkè, ó ṣeé ṣe kí kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán. Ẹ́ńjìnì nìkan ni a ń yọ láti pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì. Gíábọ́ọ̀sì yóò jókòó sí àyè rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ kíkùn ni ó ń kùn, ẹ wo epo inú rẹ̀ ná. Nígbà tí ẹ bá ti yẹ gbogbo èyí wò tí àìsàn kò lọ, ẹ lè wá dá gíábọ́ọ̀sì lẹ́bi.

Ohun tí yóò gbé ọkọ̀ dúró

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ mi, ẹ má ṣe gbàgbé èyí. Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè. Kò wà fún dídá a dúró. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé. Kí ẹ má sì ṣe gbé e lé búlọ́ọ̀kù símẹ́ńtì. Ó lè dà bí ohun tí ó le lójú, ṣùgbọ́n kì í kìlọ̀ kí ó tó fọ́. Ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà ni ó dára jù. Bí kò bá sí, ẹ lo ìtì igi líle, kí ẹ tò wọ́n ní ìbú àti ní òró, kí ìdí wọn fẹ̀. Ìtì igi tí wọ́n ti lò lábẹ́ irin rélùwéè dára púpọ̀, bí ó bá jẹ́ èyí tí ẹ rà tí ẹ sì ní rìsíìtì rẹ̀ lọ́wọ́. Abẹ́ irin ńlá tí ó kọjá ní ìbú níwájú àwọn táyà ẹ̀yìn ni kí ẹ fi wọ́n sí, lọ́tùn-ún àti lósì. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ le kí ó sì tẹ́jú. Ẹ fi igi há táyà iwájú méjèèjì. Ẹ ti ọkọ̀ náà kíkan-kíkan kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ó bá mì, ẹ tún un tò.

Agolo àti ìwé

Ní rélùwéè, ẹrù kì í kúrò lọ́wọ́ wa láìní wébíìlì. Bí ìwé bá wà, ohun tí ó bá dín yóò hàn; bí kò bá sí, àríyànjiyàn ni yóò kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti nọ́ọ̀tì. Ẹ kó agolo mílíìkì òfìfo mẹ́wàá jọ, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Kí ọmọ kan tí ó mọ̀wé jókòó ti ìwé àjákọ, kí ó máa kọ ọ́: agolo 1, bóòtù ẹ́ńjìnì, agolo 2, bóòtù ṣọ́ọ̀kì. Gbogbo wáyà tí ẹ bá tú, ẹ so bébà tí a kọ orúkọ sí mọ́ ọn. Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń dá a padà, ìdí ìwé ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kà á lọ sókè.

Iṣẹ́ gan-an

Nígbà tí táyà ẹ̀yìn ṣì wà nílẹ̀, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì ńlá àárín wọn, èyí tí í ṣe 36. Ó le púpọ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ jà á nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí igi. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ọkọ̀ sókè tó kí ẹ́ńjìnì lè gba abẹ́ rẹ̀ jáde. Ẹ tú bátìrì lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn.

Táǹkì bẹntiróòlù Ìjàpá wà níwájú, ó sì ga ju ẹ́ńjìnì lọ. Bí ẹ bá fa rọ́bà rẹ̀ yọ láìdí i, bẹntiróòlù yóò máa ṣàn. Nítorí náà ẹ fún un pa, ẹ dí ẹnu rẹ̀, kí iná àti sìgá jìnnà síbẹ̀. Ẹ tú wáyà dáínámò, ti kọ́ìlì, ti kábúrétọ̀ àti àwọn wáyà ooru méjèèjì. Bóòtù mẹ́rin ni ó so ẹ́ńjìnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ẹ fi jáàkì alágbàá gbé ìdí ẹ́ńjìnì kí ẹ tó tú wọn, nítorí ó wọ̀n tó àpò símẹ́ńtì méjì. Ẹ fà á sẹ́yìn gbọọrọ títí yóò fi bọ́ lára ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì, kí ẹ tó sọ ọ́ kalẹ̀. Kò gbọdọ̀ so rọ̀ mọ́ ọ̀pá náà.

Ó wá kan gíábọ́ọ̀sì. Ẹ fa epo rẹ̀ sínú abọ́. Ẹ tú ìsopọ̀ ọ̀pá gíà lábẹ́ ìjókòó, wáyà kílọ́ọ̀ṣì lápá òsì, àti wáyà sítátà lápá ọ̀tún. Lára ọ̀pọ̀ Ìjàpá àtijọ́, apá irin táyà ẹ̀yìn méjèèjì máa ń bá gíábọ́ọ̀sì jáde. Nítorí náà ẹ ó tú ọ̀pá bíréèkì, wáyà bíréèkì ọwọ́ àti ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì. Níbi tí irin pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ ti pàdé apá táyà, ẹ fi ohun mímú fa ìlà kọjá lórí méjèèjì kí ẹ tó tú bóòtù wọn. Bí ìlà náà kò bá ṣe déédéé nígbà ìdápadà, táyà ẹ̀yìn yóò wọ́. Irin pẹlẹbẹ náà fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe yẹ̀ ẹ́ kúrò lórí ibi tí ó sinmi lé: agbára tí a lọ́ pamọ́ sínú rẹ̀ lè ṣẹ́ ènìyàn lápá. Ẹ fi jáàkì gbé gíábọ́ọ̀sì, ẹ tú nọ́ọ̀tì iwájú rẹ̀, lẹ́yìn náà bóòtù ńlá méjì ẹ̀yìn. Ẹni méjì ni kí ó dì í mú, kí ẹ sì máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má ṣe tú inú rẹ̀ nílé. Ìwọ̀n àárín eyín gíà kéré púpọ̀, ó sì fẹ́ irin iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, tàbí kí ẹ wá òmíràn tí ó dára.

Nígbà tí ẹ bá dá a padà, ẹ rọ epo gíà sí i, nǹkan bí lítà méjì àbọ̀. Ẹ fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú bíréèkì, kí ẹ sì dán an wò nínú ọgbà kí ọkọ̀ tó fojú kan títì. Ẹ fi píìnì tuntun sí nọ́ọ̀tì 36. Bí nọ́ọ̀tì kan bá ṣẹ́ kù nínú agolo, ẹ kò tíì parí iṣẹ́.

Ojú ìwé tí ó tẹ̀ lé èyí ni a ti ń kí àwọn tí ó bímọ, àwọn tí ó gbéyàwó àti àwọn tí ó jẹ oyè nílé. Orúkọ ẹni tí ọkọ̀ baba rẹ̀ wó lù kò ní ibẹ̀ í ṣe. Kí baba ilé fúnra rẹ̀ wo igi tí ó gbé ọkọ̀ náà kí ọmọ rẹ̀ tó wọ abẹ́ rẹ̀. Bí igi kò bá sí, kí gíábọ́ọ̀sì dúró di Sátidé mìíràn.