Ọwọ́ Kan Kò Gbé Ẹrù Dórí: Ọ̀rọ̀ Àwòrán Ọpọlọ

Bí dókítà bá ní kí ẹnì kan lọ ya àwòrán ọpọlọ, owó la máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ẹjọ́ wa kọ́. Ẹ̀rọ MRI kò pọ̀: ìwádìí tó jáde ní 2018 ka 84 péré ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 58 nínú rẹ̀ sì wà ní Nàìjíríà. Nítorí náà, ẹni tó bá dé ìdí rẹ̀, kó yà á pé.

Kí ni pípé rẹ̀? Bí wọ́n bá ń wá kókó inú ọpọlọ, oríṣi àwòrán mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń yà. Nínú T1, omi inú ọpọlọ a máa dúdú. Nínú T2, a máa funfun. FLAIR a máa pa funfun omi yẹn, kí wíwú tí àìsàn fà lè hàn. Ẹ̀kẹrin ni T1 tí wọ́n yà lẹ́yìn abẹ́rẹ́ gadolinium: ibi tí kókó ti ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ni yóò tàn.

Ẹni tó bá gun òkè Patti mọ̀ pé àwọ̀ odò Ọya àti ti Benue yàtọ̀. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń fi ààlà wọn hàn níbi tí wọ́n ti pàdé. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà ṣe ń wá ààlà kókó. Èyí tí àwòrán kan bá fi pamọ́, òmíràn á tú u síta. Oníṣẹ́ abẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ààlà yẹn.

Láti 2012 ni ìdíje àgbáyé BraTS ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n àwòrán òkè òkun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní 2023 ni wọ́n ṣí ẹ̀ka Áfíríkà, tí wọ́n fi àwòrán aláìsàn láti Nàìjíríà kún un. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Agbára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tiwa kò tó tiwọn, àwọn èèyàn wa sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Kọ̀ǹpútà tí kò rí irú tiwa rí lè ṣì wá kà.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Bí dókítà bá kọ abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ má yọ ọ́ nítorí owó láìbi í. Ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú, kó tètè sọ. Ẹ tọ́jú síídì àwòrán yín. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe ń dáwó òkú, ẹ jẹ́ ká máa dáwó àwòrán alààyè. Ire o.